Ẹ yé bú àwa ìyá ọmọ aláìsàn, ẹ dá wa lóhùn

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi gbé e jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá ìjọba kan wá sórí rédíò níbí ní Àkúrẹ́, ó ní àwọn tó ń da ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára rú jù ni àwa tá a ní ọmọ aláìsàn nílé, pé olóríkunkun ni wá, òpè ni wá, àti pé ó yẹ kí wọ́n máa lé ọmọ tí ò bá gba abẹ́rẹ́ pé kúrò níléèwé. Mò ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ, ṣe ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Olóríkunkun kẹ̀? Àwa tá à ń jí lóru fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ wò bóyá ó gbóná! Iléèwé tó sì ń sọ yẹn, ìlàjì táàmù lọmọ mi kì í lè lọ nítorí kíráísìsì, ṣé òun náà ló tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀?

SS lọmọ mi, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, òun ló ń fa ìrora tá à ń pè ní kíráísìsì. Ẹni tó nírú ẹ̀ nílé mọ ohun tí mò ń sọ, folic acid láràárọ̀, Paludrine, penicillin, omi mímu bí ẹni ń pọnmi sí àmù, súwẹ́tà tí ọyẹ́ bá ti dé. Nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, mo gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà fún abẹ́rẹ́ eéyi àti ti ibà pọ́njú, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú káàdì ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gba káàdì wo ẹyinjú ọmọ, ó bi mí pé kí ló dé tó rí bíi yẹ́lò báyìí, mo ní SS ni. Ló bá pa káàdì dé, ó fi ìka tì í sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. "Màmá, ẹ lọ gbàwé wá lọ́dọ̀ dókítà yín, mi ò fẹ́ wàhálà." Mo bọ́ sí mótò, mo lọ bá dókítà níbi tá a ti ń gbàtọ́jú. Dókítà ní ṣé wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fún un ni, pé kò sí abẹ́rẹ́ yẹn lọ́dọ̀ tiwọn, kí n padà. Kò kọ ìwé kankan. Mo padà dé ọ̀hún, wọ́n ní ìwé dà. Ọjọ́ tí mo wá rí ìwé gbà nígbẹ̀yìn, wọ́n ní ọmọ tó wá ò pọ̀ tó, àwọn ò lè já ìgò tuntun nítorí ọmọ kan, kí n gbé e padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ mi gbà á ṣá, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló lágbára àti owó mótò láti máa lọ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀?

Òun ni mo ṣe ní kò sẹ́ni tó ń dá wa lóhùn. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ń jù wá sí dókítà, dókítà ń jù wá sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, àwọn tó wà ní Alágbàkà, níbi ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀, jókòó sínú ẹ́sì, wọ́n ń ka iye ọmọ tó ṣẹ́kù sórí ìwé, wọ́n wá ń bú ìyá.

Mi ò ní kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù nínú wa o. Ó wà, ó sì pọ̀. Ẹ wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kílíníìkì tá à ń gbé ọmọ wá rí dókítà kẹ́ ẹ gbọ́rọ̀. Èyí á ní ọmọ òun gbabẹ́rẹ́ lọ́sàn-án, ara ẹ̀ gbóná lálẹ́, kíráísìsì tẹ̀ lé e, wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì. Èyí tọ́mọ ẹ̀ ní wárápá á ní ìyá ọkọ òun ti sọ pé láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni gìrì ti bẹ̀rẹ̀, pé bí òun bá tún gbé ọmọ náà débẹ̀ kóun má padà wálé. Èyí tọ́mọ ẹ̀ ní asíímà ò tiẹ̀ mọ èyí tóun ì bá bi ẹnikẹ́ni. Ta ló jókòó ti obìnrin wọ̀nyí rí, tó fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn? Ẹni tó ti gbé ọmọ sá lọ sí ẹmájẹ́ńsì lóru tí bẹ́ẹ̀dì ò sí, bó bá ń bẹ̀rù ibà, òpè kọ́ nìyẹn.

Bí èmi ṣe mọ̀ ni pé mátíróònù kan tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú ìjọ wa, Ọlọ́run dá a sí, òun ló pè mí jókòó lẹ́yìn ìsìn tó la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní ẹ̀yà ara kan wà lápá òsì ikùn tí wọ́n ń pè ní spleen, òun ló ń bá wa pa kòkòrò tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, SS sì máa ń ba ti àwọn ọmọ wa jẹ́ láti kékeré. Òun ló fà á tí kòkòrò tó ń fa òtútù àyà àti yírunyírun, tí ọmọ ẹlòmíì lè bọ́ nínú ẹ̀, fi lè gba ẹ̀mí ọmọ tiwa kílẹ̀ tó mọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀, PCV, ìparí ọdún 2014 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni wọ́n ń gbà á. Penicillin tá à ń fún wọn náà dáa, ṣùgbọ́n kò gba ipò abẹ́rẹ́. Ó ní ara lè gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kí n má ṣe tìtorí ẹ̀ sọ pé abẹ́rẹ́ ló fà á, kí n wá máa wò ó nílé, ọmọ SS tó bá ti ní ibà, ọsibítù ni kíá.

Ẹ wò ó, ọmọ tó nílò abẹ́rẹ́ náà jù lọ ni wọ́n dá padà pẹ̀lú káàdì ẹ̀ lọ́wọ́!

Ó tún sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ lórí rédíò rí, pé ọ̀rọ̀ yìí ò rí bákan náà fún gbogbo ọmọ. Asíímà tó ń fa ínhélà ò ní kó má gbà á, wárápá tí oògùn ti ká lọ́wọ́ kò ní kó má gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu tó ń lo prednisolone, oògùn tó ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù, púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, tàbí èyí tó ń gbàtọ́jú jẹjẹrẹ, ó yẹ kí wọ́n dá àwọn abẹ́rẹ́ kan dúró fún un ná, irú eéyi àti ibà pọ́njú, torí kòkòrò tó wà nínú ìwọ̀nyẹn ṣì lẹ́mìí, wọ́n kàn sọ ọ́ di aláìlágbára ni. Ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ní òun fẹ́ béèrè kí òun tó gbé ọmọ sílẹ̀, òun ló gbọ́n jù. Ọ̀gá wá kó gbogbo wa pọ̀, ó ní olóríkunkun.

Ibi tẹ́nì kan ò bá ti sọ̀rọ̀, WhatsApp á bá wọn sọ ọ́. Ohùn ọkùnrin kan ń lọ káàkiri báyìí tó ń sọ pé ẹ rántí Kano lọ́dún 1996. Oògùn yírunyírun tí Pfizer ń dán wò lára àwọn ọmọdé ni ti Kano, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n ta ló ṣàlàyé ìyẹn fáwọn èèyàn? Ní 2003, nígbà tí Kano ní àwọn ò gba ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mọ́, àìsàn náà tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Èébú kọ́ ló parí ẹ̀, ìgbà tí wọ́n jókòó bá àwọn ọba àti àwọn aláàfáà sọ̀rọ̀ ló tó lójú.

Ohun tí mo fẹ́ ò le. Ọjọ́ kílíníìkì wa ni kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ wá bá wa. A kì í pa ọjọ́ yẹn jẹ, òjò ì báà rọ̀. Kí ẹni kan láti lókà gọ́fúmẹ́ǹtì gbé kúlà wá láàárọ̀, kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá dókítà, kí dókítà tó ní fáìlì ọmọ níwájú wò ó, kó sọ pé èyí gba tòní, èyí dúró di oṣù tó ń bọ̀, kó kọ ọ́ sínú káàdì, kó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n fún ìyá ní nọ́ńbà tó lè pè tí ara ọmọ bá gbóná lóru, kẹ́nì kan sì gbé fóònù ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ ìgò tí wọ́n ń wí náà á tán níbẹ̀, torí ìgò abẹ́rẹ́ eéyi kan, ọmọ mẹ́wàá ni, tí wọ́n bá sì ti pò ó, wákàtí mẹ́fà ni, wọ́n ti dà á nù. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kékeré lè má rí ọmọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kílíníìkì, àwa ìyá kún bẹ́ǹṣì dẹ́nu ọ̀nà. Kò ná wọn ní ilé tuntun, kò ná wọn ní mótò tuntun, kúlà kan àti nọ́ọ̀sì kan ni. Tó bá ṣeé ṣe l'Ákùúrẹ́, á ṣeé ṣe l'Óǹdó, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìkàrẹ́, l'Ókìtìpupa.

Kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dáadáa. Kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ PPSV23, èyí tóun náà ń dènà irú kòkòrò tí PCV ń dènà, tó yẹ kí ọmọ SS gbà lẹ́yìn ọdún méjì, kún ti ọ̀fẹ́, ẹni tó bá lówó nìkan ló ń rà á báyìí.

Aládùúgbò mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì jíìnótáípù ọmọ ẹ̀, SS ló jáde, ó bi mí pé ibo lòun máa gbé e lọ. Mo ní kó gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ́jọ́ tó wà nínú káàdì, bí wọ́n bá ní àwọn ò fún un, kó má bá wọn jà, kó ní kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sórí káàdì náà, kí wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Gbogbo ìyá tó bá ka lẹ́tà yìí, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá aránṣọ,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.