Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ìwé Owó Lọ́wọ́ Ọmọ Yín

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí náà. Màá yára sọ àwọn tó kéré kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kí ọmọ ti wà nínú ọgbà kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Fóònù kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì. Ọmọ SS3 tí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò bá ìwé ìbí rẹ̀ mu, kí ó tètè rí olùkọ́ tó ń mójú tó WAEC, torí bó bá ti wọ ibẹ̀ tán, àtúnṣe rẹ̀ kì í rọrùn.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an ni ọjà tí àwọn SS2 pàtẹ sínú ọgbà ní ìparí sáà tó kọjá. Ọ̀pọ̀ yín wá, ẹ rà, ẹ sì yìn wọ́n. Àwọn mẹ́fà kan ta zobo. Ike ogójì ni wọ́n rọ, ₦300 ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti tán kí ọ̀sán tó pọ́n. ₦12,000 wọlé. Wọ́n ka ohun tí wọ́n rà: ewé zobo ₦1,500, ṣúgà ₦2,400, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti atalẹ̀ ₦1,800, ike ₦2,800. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦8,500. Wọ́n ní àwọn jèrè ₦3,500, wọ́n ń jó. Olùkọ́ wọn wá bi wọ́n pé gáàsì ta ni wọ́n fi sè é. “Ti màmá mi ni, mà.” Yìnyín ńkọ́? Àwìn ni, wọ́n máa san án lọ́la. Kẹ̀kẹ́ tó kó o wá ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn ti fi owó oúnjẹ rẹ̀ san án. Nígbà tí wọ́n kọ gáàsì ₦1,500, yìnyín ₦1,000 àti kẹ̀kẹ́ ₦800 kún un, ₦200 ló kù fún èèyàn mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi ₦1,200 ra mítípáì jẹ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ojú owó ni wọ́n jẹ.

N kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Zobo yẹn dùn, èmi gan-an mu ike méjì. Mo sọ ọ́ torí pé báyìí náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àgbàlagbà ṣe ń ṣí ní ìlú yìí, báyìí náà ni wọ́n sì ṣe ń kógbá wọlé. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ohun tí ọmọ girama àgbà ń kọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ lè mọ aṣọ rán dáadáa kó má mọ iye tó yẹ kó gbà lórí ẹyọ kan. Òwú, bọ́tìnì, iná, owó ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú owó iṣẹ́ yẹn.

Bàbá kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn kò rán ọmọ àwọn wá síbí kó wá kọ́ ọjà títà, iṣẹ́ oṣù ni àwọn fẹ́ kó ṣe. Mo gbọ́ wọn yé, mi ò sì bínú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń gba ọmọ síṣẹ́ ní àdúgbò Under G níbí, ìbáà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn tàbí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ẹni tó lè ka ọjà orí pẹpẹ kó sì bá ìwé mu ló ń wá, ẹni tó lè kọ rìsíìtì, tó lè dá oníbàárà lóhùn láì fajú ro, tí owó kì í dín lọ́wọ́ rẹ̀ bílẹ̀ bá ṣú. Ẹ̀kọ́ kan náà ni.

Òwò kì í ṣe àjèjì sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáá. Àwọn ẹbí wa ló kún Tamale àti àwọn ìlú àríwá Gáná títí di November 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Láyé ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ni ọmọ ti ń kọ́ òwò. Á máa pàtẹ, á máa ru ẹrù, á sì wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ń ka owó lálẹ́. Ìdí owó kíkà yẹn gan-an ni ọmọ ìsinsìnyí kì í sí. Ilé ẹ̀kọ́ ló wà títí di ọ̀sán. Bó bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó ní kó jókòó ti ọjà. Bó bá wá kan owó kíkà, ẹ ó ní kó lọ ka ìwé rẹ̀.

Nítorí náà, ní sáà yìí, ọmọ SS1 àti SS2 kọ̀ọ̀kan yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ ìwé owó òwò kan nínú ẹbí rẹ̀, ì báà ṣe àtẹ ata. Ohun tó wọlé, ohun tó jáde, àwìn, àti ohun tí ilé mú lọ́jà. Ẹ má fojú di ìkẹyìn yìí o. Gàrí tí a bù nínú àpò ọjà fi tẹ ẹ̀bà, káàdì tí a fi owó ọjà rà, ẹgbẹ̀rún kan tí a yọ fi san àjọ: a kì í kà á sí ìnáwó, ibẹ̀ sì ni ojú owó ń gbà lọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ọmọ mọ iye gidi, ẹ fún un ní iye mìíràn, ọ̀nà ìṣirò la fẹ́ rí. A ò ní fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni, kò sì kan owó orí!

Àsìkò kajú ti ń wọlé. Ọmọ tó bá ń ṣa kajú lè fi ìyẹn ṣe é: iye kílò, iye tí wọ́n rà á, owó ọkọ̀, owó àwọn tó bá a ṣa, àti iye tí oníbàárà mìíràn ń rà á lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kó lọ oko. Kíláàsì tó ṣófo lọ́jọ́ Ajé nítorí kajú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò dáa.

Àwọn kan ti ń béèrè bóyá kí àwọn forúkọ ilé iṣẹ́ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Òfin ilé iṣẹ́ ti 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ilé iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, tẹ́lẹ̀ ó kéré tán èèyàn méjì ni, àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè dá a ṣe. Kò sí ìkánjú. Kó kọ́kọ́ ní ìwé owó oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ kó tó kọ orúkọ sára ògiri.

A kò gba kọ́bọ̀ lórí gbogbo èyí, ìwé ogójì ewé kan ti tó. Ohun tí mo ń tọrọ ni àyè. Télọ̀, mẹkáníìkì, oníbúrẹ́dì, ẹni tó ń so iná sólà, ẹnikẹ́ni tó bá lè gba ọmọ SS2 méjì sọ́dọ̀ láàárọ̀ Àbámẹ́ta, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ kíláàsì ọmọ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ wọ́n di ẹni tí ẹ ó máa rán lọ ra àkàrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá ń ná ọjà. Bí ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá dé, ẹ bá wa mú ìwé owó ọmọ yín dání.

Èmi ni,
Ọ̀gá Àgbà Ilé Ẹ̀kọ́,
Ògbómọ̀ṣọ́.