Ẹ Wọn Ọ̀pá Àárín Kẹ̀kẹ́ Kí Ẹ Tó Ra Tuntun

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn tó ń tún un ṣe àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà rẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ gidi di pàǹtí lójú wa. Àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún gígun òkè àti ọ̀nà olókùúta ni mò ń sọ, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà láti nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000. Fírémù wọn le dáadáa, wọ́n sì bá ọ̀nà wa mu, pàápàá fún ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìdànrè. Ṣùgbọ́n bí bọ́tọ́mù brákẹ́ẹ̀tì wọn bá ti jẹ, ìyẹn ọ̀pá àárín tó gba ìsàlẹ̀ fírémù kọjá, tó so apá pẹ́dà ọ̀tún mọ́ ti òsì, pẹ̀lú àwọn bíárìn tó ń gbé e yí, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi oníbàárà kì í ju "ńlá ni àbí kékeré?" lọ. Ìbéèrè yẹn kò tó rárá.

Kí a tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ìṣòro wà. Ẹ di apá pẹ́dà méjèèjì mú, kí ẹ sì máa fà wọ́n sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí méjèèjì bá jọ ń mì, bíárìn inú ló ti jẹ tàbí tó ti dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló ń mì, bóòtù rẹ̀ ló dẹ̀, tàbí kí ihò onígun mẹ́rin tó fi jókòó sórí ọ̀pá ti fẹ̀, ọ̀pá tuntun kò sì ní yanjú irú èyí. Kẹ̀kẹ́ tó bá ṣì ń lo kọ́ọ̀pù (òrùka onítírẹ́ẹ̀dì tí wọ́n yí wọ etí fírémù láti di ọ̀pá náà mú) àti ọmọ bíárìn tí a lè tú, ẹ tú u wò ná: bí ojú ibi tí àwọn ọmọ bíárìn ń yí lé bá ṣì ń dán, tí kò tíì dá ihò, owó ọmọ bíárìn àti gírísì nìkan ni ẹ máa ná.

Bí pípààrọ̀ bá wá di dandan, fírémù ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, láti etí kan dé etí kejì páìpù tí ọ̀pá náà gbà kọjá. Lára àwọn kẹ̀kẹ́ òkè àtijọ́, mìlímítà 68 tàbí 73 ni ẹ sábà máa bá níbẹ̀. Ẹni tó bá bá 70 pàdé ní láti ṣọ́ra, nítorí ó lè jẹ́ ti Ítálì, tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni gígùn ọ̀pá fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù. Ọ̀pá lè jẹ́ 110, 113, 118 tàbí 122.5, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ 110 sí 113 hàn. Bí ó bá kúrú jù, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá iwájú á máa ha fírémù. Bí ó bá gùn jù, ṣéènì á máa fà wọ́gọwọ̀gọ, á máa fò kúrò lórí eyín, á sì tètè jẹ. Ọ̀pá tó fi mìlímítà 5 gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí gígùn rẹ̀ sì dọ́gba lápá méjèèjì, á ti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì síta ní mìlímítà méjì ààbọ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi títún gíà ṣe bo èyí mọ́lẹ̀. Bí ọ̀pá tí ẹ yọ bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ bíárìn rẹ̀ nínú ike tàbí irin kan, tí a kì í tú, ẹ nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ dáadáa, nítorí wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà sí i, bíi 68-118: fífẹ̀ fírémù ló ṣáájú, gígùn ọ̀pá ló tẹ̀ lé e. Ẹ gbé ògbólógbòó náà lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Bí ẹnu ọ̀pá náà bá sì ní eyín dípò igun mẹ́rin, irú tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ wá, nítorí wọn kì í wọ ara wọn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni fírémù tí agbára ń bà jẹ́. Lára àwọn kẹ̀kẹ́ oní-68 àti oní-73 wọ̀nyí, kọ́ọ̀pù ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ṣéènì, kì í tú bí bóòtù yòókù ṣe ń tú. Bí aago ṣe ń yí ni a máa yí i kí ó tó tú. Ti ọwọ́ òsì nìkan ló ń tú bí a ṣe mọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n fi síséèlì àti òòlù lu kọ́ọ̀pù ọ̀tún sí òdìkejì, tí wọ́n ń rò pé ìpáta ló mú un, títí tí tírẹ́ẹ̀dì fi ya, tí wọ́n sì gbé fírémù náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Fírémù tí wọ́n bá ti wẹ́dà níbẹ̀, ọ̀pá mìíràn kò ní wọ inú rẹ̀ mọ́ láé. Nígbà tí a bá sì ń fi tuntun sí i, kí a fi gírísì pa tírẹ́ẹ̀dì, kí a sì fi ọwọ́ yí i wọlé fún ìgbà díẹ̀ kí sípánà tó kàn án.

Apá pẹ́dà pàápàá kì í ṣe ohun tí a ń fi òòlù lù kúrò. Ohun èlò kan wà tí wọ́n fi ń fà á jáde, tó ń wọ inú tírẹ́ẹ̀dì ẹnu apá náà. Ẹ rí i pé bóòtù àti wọ́ṣà ti kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó yí i wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tírẹ́ẹ̀dì apá náà á bọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní ìlú wa pé kí wọ́n má ṣe máa kó oríṣi gígùn kan ṣoṣo wá, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan hàn gbangba sí ibi tí wọ́n kó o sí. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ohun èlò tí wọ́n fi ń fa apá pẹ́dà àti èyí tó ń tú kọ́ọ̀pù eléyín sí ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n.

Emi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.