Ṣadé mi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Tóbi rèé

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Ọjọ́rú, lálẹ́.

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Àárò rẹ ń sọ mí. Òjò ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, wọn ò sì tíì mú iná wá, ìmọ́lẹ̀ fóònù ni mo fi ń kọ èyí. Màmá wa wà dáadáa, orúnkún wọn ti ń gbé wọn díẹ̀díẹ̀. Fúnkẹ́ ti bí, ìbejì ni. Ó tán o, jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí kò jẹ́ kí n sùn.

Tóbi àbúrò wa ti rí ọkọ̀. Honda Accord ọdún 2008 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Evil Spirit, dúdú kirikiri, V6 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6), lítà 3.5. Ọ̀sán àná ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ẹni tó ń tà á ní Ìwó Road fẹ́ gba àsansílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé ẹlòmíràn ti ń ná an. Ìwọ náà mọ ọ̀rọ̀ “ẹlòmíràn ti ń ná an” yẹn. Ọmọ ọdún 20, tí láísẹ́ńsì rẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta, Ṣadé!

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ọkọ̀ tí Tóbi fẹ́ rà àti èyí tí ìwọ náà fẹ́ rà, owó ìnṣọ́ránsì ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ, kò sì yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ yín ní Leicester nílùú Ọba, ọjọ́ orí awakọ̀, àdúgbò tí ọkọ̀ ń sùn, bí ẹ́ńjìnnì ṣe tó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ owó. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Third party, ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ohun tí ọkọ̀ ẹni bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, jẹ́ ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ ilé, láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, ti gbé e kúrò ní ₦5,000. Corolla ni o, V6 ni o, ọmọ ọdún 20 ni o, bàbá ẹni ọdún 60 ni o, iye kan náà ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Lọ́dọ̀ yín, owó ìnṣọ́ránsì ì bá ti lé Tóbi kúrò nídìí V6 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Níbí, kò sí ohun tí yóò lé e, àfi èmi àti ìwọ.

Kí tiẹ̀ ni ₦15,000 yẹn ń ṣe? Ẹlòmíràn ló wà fún. Bí Tóbi bá gbá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò san owó àtúnṣe rẹ̀, kò kàn ní kọjá mílíọ̀nù 3 náírà. Bó bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Tóbi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kọ́bọ̀ kò sí. Bí wọ́n jí i, bó jóná, bí àgbàrá gbé e, òfò rẹ̀ ni. Bó bá sì jẹ́ ìdí Prado tuntun ló lọ kọlù, ohun tó bá lé lórí mílíọ̀nù 3 yẹn, ọrùn ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń bọ̀.

Comprehensive ló ń tún ọkọ̀ ẹni ṣe. Ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà: ọkọ̀ mílíọ̀nù 6 yóò san ₦300,000 lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ gba ọkọ̀ tó ti dàgbà fún un, wọ́n á sì yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ àgbàrá òjò ní tààrà, torí nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn, àfi kéèyàn san àfikún kó tó wọlé. Ẹni tó bá rántí òjò oṣù kẹjọ ọdún 2011 nílùú yìí kò ní fojú kéré ìyẹn. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu Tóbi pé òun lè máa fi gbé èrò lórí áàpù lọ́jọ́ tí kò bá sí kíláàsì. Jọ̀ọ́, sọ fún un pé ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ilé kò bo ọkọ̀ tó ń gbé èrò gbowó.

V6 yẹn gan-an wàyí. Honda fi ohun kan sínú rẹ̀ tó máa ń pa àwọn sílíńdà kan lórí eré kí epo má baà tètè jó. Àwọn sílíńdà wọ̀nyẹn ló wá ń mu ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì á dọ̀tí, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n. Timing belt (bẹ́líìtì rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì) ló tún ń lò, kì í ṣe ṣéènì. Bó bá já lórí eré, fáàfù àti písítìn á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?

Corolla ọdún 2009 tàbí 2010, lítà 1.8, ni mo fẹ́ fún un. Sílíńdà 4 péré, ṣéènì ló ń lò, kò sí mẹkáníìkì láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Challenge tí kò mọ inú rẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì kún Arárọ̀mí ní Gate bí iyanrìn. Bí wọ́n bá fi Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle tàn án, kó yẹra fún lítà 2.4 ti ọdún 2007 sí 2009, ọ́ìlì ló ń mu.

Ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, àárọ̀ kùtù ni kó débẹ̀, kí ẹni tó ń tà á má tíì tan án. Kó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, kó béèrè ìdí tí wọ́n fi tètè tan án. Kó ṣí ìdérí ọ́ìlì, kó yí i síta, kó wo inú rẹ̀ dáadáa. Bó bá rí ohun funfun tó ki bí ògì tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ọ́ìlì, kó dé e padà kó máa lọ ilé. Tí wọ́n bá wá tan án, kó dúró lẹ́yìn ọkọ̀: èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, funfun tó nípọn tí kò dáwọ́ dúró, omi rédíétọ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó pa á, kó yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì tan ẹ́ńjìnnì. Iná airbag gbọ́dọ̀ tàn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kó sì kú. Èyí tó burú jù ni kó má tàn rárá. Ẹnìkan ti gé e nìyẹn, bóyá torí pé airbag ti bẹ́ nínú ìjàǹbá rí. Kó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dópin, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí nínú ọkọ̀ tí omi ti mu, afọkọ̀ kì í ráyè débẹ̀. Ti jíà, kó wà á gun òkè Mápó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo tí ọkọ̀ ò sì gbéra, jíà ti ń kú. Kí ẹni tó ní sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tẹ̀ lé e, kó má sì wo kóòdù àṣìṣe nìkan, torí àwọn kan máa ń pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Kó wo apá readiness, ibi tó ń fi hàn bóyá ọkọ̀ ti parí yíyẹ ara rẹ̀ wò: bí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò bá tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á rẹ́ tàbí kí wọ́n yọ bátìrì.

Nọ́ńbà ṣáàsí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ti ara òpó ilẹ̀kùn àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bára mu, gbogbo àmì 17 rẹ̀. Ìkẹwàá ni ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Kó yí orúkọ orí pátíkúlà sí tirẹ̀, kí orúkọ orí ìnṣọ́ránsì sì bá a mu, kó má gbára lé èyí tí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ fi sílẹ̀. Tó bá ti gba ìnṣọ́ránsì náà, kó tẹ *565*11# tàbí kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó ní askniid.org. Bí kò bá jáde, bébà lásán ló rà lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, àwọn ọlọ́pàá sì ti ń yẹ ìwé yìí wò láti oṣù kejì ọdún 2025.

Tìrẹ náà, kí n tó gbàgbé: ẹ́ńjìnnì kékeré ni kí o rà, lítà 1.0 tàbí 1.2, gba àpótí dúdú tó ń ṣọ́ ìwakọ̀ bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́, san owó ọdún lẹ́ẹ̀kan bí agbára bá ká a, torí èlé sábà máa ń wà lórí ti olóṣooṣù. O lè fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ kún ìwé, ṣùgbọ́n má sọ pé òun ló ń wà á jù bí kì í bá ṣe òun. Ẹ̀tàn ni wọ́n ń kà á sí lọ́dọ̀ yín, wọ́n sì lè kọ̀ láti sanwó fún ọ lọ́jọ́ ìṣòro.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ rèé. Mo ti bá Tóbi sọ ọ́, “Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí” ló fi dá mi lóhùn, a sì jọ mọ ohùn yẹn. Tìẹ ló ń gbọ́. Pè é. Má tíì fi owó ránṣẹ́, ì báà ṣe sí òun, ì báà ṣe sí ẹni tó ń ta ọkọ̀. Nọ́ńbà ṣáàsí náà hàn nínú fọ́tò kejì, mo ti fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ. 1 ló fi bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Bá mi fi káàdì rẹ ra ìtàn rẹ̀ lórí Carfax, ibi tí wọ́n ti ń ta ìtàn ọkọ̀. Bó bá kọ salvage (ọkọ̀ tó bàjẹ́ gan-an) tàbí flood (ọkọ̀ tí omi mu), Tóbi á fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú.

Èmi ni tìrẹ,
Bùnmi