Ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ lórí ewé Akíntọ́lá, ọ̀nà omi màlúù àti èèpo ẹ̀gẹ́

Sí Ọlọ́lá, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Nípasẹ̀ Ọ̀gá Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀.
Ẹ̀dà sí Kábíyèsí àti sí Séríkí Gàá.

Ọlọ́lá, a kí yín kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ kú làálàá. Àwa àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àwa obìnrin tó ń yan gàrí ní apá Òkè-Ògùn yìí la jọ kọ ìwé yìí. A ò wá fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ìwé ẹ̀sùn lórí ọ̀rọ̀ màlúù ti pọ̀ lórí tábìlì yín, a mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ lèyí, àwọn Fúlàní tó wà ní gàá lódìkejì odò sì mọ̀ sí i. Séríkí wọn jókòó tì wá nígbà tí akọ̀wé wa ń kọ ọ́, òun ló sì ní ká má gbàgbé ọ̀rọ̀ omi.

Ewé tí à ń pè ní Akíntọ́lá ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ kí màlúù máa gbà lọ mu omi, ewé yìí ti bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó dúró sí etí rẹ̀ kò lè rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń da ẹran mọ̀ pé màlúù kì í fẹ́ jẹ ẹ́: á fi imú kàn án, á mí fìn-ìn, á kọjá lọ. Gàmbà àti eéran tó yẹ kó jẹ kò sì lè hù lábẹ́ rẹ̀, torí ó ti gba oòrùn lọ́wọ́ wọn. Níbi tí Akíntọ́lá ò bá dé, èkan ló wà níbẹ̀, èkan tó sì ti gbó, ẹnu ẹran ló ń gé. Ọ̀tún kò ṣeé jẹ, òsì kò ṣeé jẹ, oko ẹ̀gẹ́ wa sì tutù yọ̀yọ̀ níwájú. Ọmọdé tó mú ọ̀pá kan ṣoṣo lọ́wọ́, báwo ló ṣe fẹ́ dá agbo ẹran tí ebi ń pa dúró? Bí wọ́n bá ti wọlé tán, wọ́n á jẹ ewé, wọ́n á tẹ ebè, ìyẹn ló sì ń di àdá yíyọ.

Àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ní ewé yìí ti wá, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó wọ Nàìjíríà. Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló ń tanná, bí ọyẹ́ bá sì dé, hóró rẹ̀ á máa fò kiri bí òwú. Iná kò lè pa á. Igi rẹ̀ gbígbẹ á jó, iná ọ̀hún á sì ràn mọ́ oko olóko, ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, kùkùté rẹ̀ á tún rú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ ká ṣán an láàrin oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, kó tó tanná, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ tí kùkùté ṣì ṣeé hú. Katakata tó bá dé lóṣù kìíní, ẹ má bínú, hóró ewé yìí ló ń bá wa fọ́n káàkiri.

A mọ̀ pé òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti 2019 kò fàyè gba dída ẹran jẹ̀ kiri ní gbangba, a ò sì ní kí ẹ gbé òfin tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ màlúù tí a bá sé mọ́ gàá, ẹnu rẹ̀ kò ní dákẹ́. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá a níbẹ̀, a sì ní oúnjẹ ọ̀hún lẹ́yìnkùlé wa.

Ẹ ti gba ìdí ilé gàrí wa kọjá rí, ẹ mọ òórùn ibẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni. Ó ń jẹrà ní òkìtì òkìtì, bí a bá sun ún, èéfín rẹ̀ á lé ará àdúgbò wọlé. Àwọn ìyá gàá tó ń kiri wàrà máa ń bu díẹ̀ lọ fún ẹran wọn, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ní oró, ti ẹ̀gẹ́ kíkorò pàápàá, màlúù tó bá jẹ ẹ́ ní àjẹyó lè kú. Bí a bá sì sá a sórí títì, ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́, iyanrìn á kún un. Àwọn onímọ̀ ti ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ti fi ọ̀nà mìíràn hàn: kí á rin èèpo náà bí a ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, kí á fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, kí á wá sá a. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ gbígbẹ tó ṣeé tọ́jú sínú àpò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko kò sí gan-an ni oòrùn tó lè gbẹ ẹ́ pọ̀ jù. A ní jáàkì. Pèpéle sìmẹ́ńtì tó fẹ̀ la ò ní, àti ẹ̀rọ ìrin kan tó máa jẹ́ ti èèpo nìkan, kí iyanrìn ara èèpo má baà bọ́ sínú gàrí aráyé. Àwọn ará gàá ti gbà láti máa fi ìgbẹ́ màlúù ṣe pàṣípààrọ̀, torí ajílẹ̀ àpò ti kọjá agbára wa.

Ní ti omi, òkè ibi tí a ti ń pọn omi ìfọ̀gẹ́ ni màlúù ti ń wọ odò. Ẹ bá wa la ibi ìmumi fún wọn sí ìsàlẹ̀. Bí ẹran bá sì jẹ oko, kí aṣojú tiwa, ti Séríkí àti òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ yín jọ wò ó ná, kí ọ̀rọ̀ tó dé tésàn.

Àwọn ọ̀dọ́ tiwa àti tiwọn á ṣán ilẹ̀ náà. Katakata, epo rẹ̀ àti irúgbìn gàmbà tí a máa gbìn dípò ni ọwọ́ wa ò ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán òṣìṣẹ́ kan wá wo ibẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó parí. Kó wọ bàtà òjò wá o, ejò wà nínú Akíntọ́lá yẹn.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,

Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀
Ìyá ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́gàrí
Akọ̀wé