Sí ọ̀rẹ́ mi ní Kánádà, lórí eré kẹ̀kẹ́ ọmọ wa

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa ní Kàbà wà dáadáa. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ń là, eruku sì ti bo ewé igi.

Ipò wo ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ mú? Ohun tí o kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ìkẹsàn-án ló mú nínú àwọn 12. Mo mọ̀ pé bí mo bá dánu dúró síbẹ̀ yẹn, inú rẹ ò ní í dùn, torí owó tí o ná sórí kẹ̀kẹ́ yẹn kò kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ni mo fi tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì rí ohun tí ipò kò lè sọ fún ọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe eré tí gbogbo wọn jọ ń ya lọ ni. Time trial ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá lọ, ìṣẹ́jú kan ló wà láàárín ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Bidlake, ará Ìlú Ọba, ló ti ń ṣètò irú rẹ̀ láti ọdún 1895, nígbà tí àwọn èèyàn ò fẹ́ rí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré ìje ní agbo lójú títì. Títí dòní, òfin rẹ̀ ni pé o ò gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn ẹlòmíì kí ó máa bá ọ la afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣe mọ agbára ara rẹ̀ tó máa ń hàn kedere.

Ojú ọ̀nà Ìyàrá ni wọ́n lò, kìlómítà 8 ní àlọ, kìlómítà 8 ní àbọ̀. Wọn ò tiẹ̀ dábàá ọ̀nà Ọbájánà rárá, nítorí tírélà sìmẹ́ńtì. Ìṣẹ́jú 31 àti ìṣẹ́jú àáyá 12 ni ọmọ wa lò. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 30.8 ní wákàtí kan. Fún ọmọ ọdún 16 tí kò sáré bẹ́ẹ̀ rí, lójú ọ̀nà tiwa tó kún fún kòtò, eré gidi ni. Má fi wé èyí tí o ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tiwọn kò rí bí tiwa, kẹ̀kẹ́ wọn kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni bí ó ṣe pín in. Ìṣẹ́jú 14 àti àáyá 20 ló fi lọ, ìṣẹ́jú 16 àti àáyá 52 ló fi bọ̀. O lè ní atẹ́gùn ni. Òótọ́ ni pé atẹ́gùn wà: láti ìhà àríwá ìlà oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ìhà ìwọ̀ oòrùn sì ni Ìyàrá wà sí Kàbà, nítorí náà atẹ́gùn ń tì wọ́n lẹ́yìn ní àlọ, ó sì ń gbá wọn lójú ní àbọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni atẹ́gùn yẹn fẹ́ lù. Àwọn tó dúró níbi tí wọ́n ti yí padà kọ aago gbogbo wọn sílẹ̀, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 40 ni ẹni tó gba ipò kìíní fi lọ, ìṣẹ́jú 14 àti àáyá 25 ló fi bọ̀. Àáyá 45 péré ni àbọ̀ fi ju àlọ lọ fún un. Ti ọmọ wa lé ní ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Kódà bí a bá gbà pé atẹ́gùn máa ń jẹ ẹni tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ níyà ju ẹni tó lágbára lọ, ó ṣì ku ìṣẹ́jú kan gbáko tí kì í ṣe ẹjọ́ atẹ́gùn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ló ba tiẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n ṣe ní kó máa lọ báyìí, ó dìde lórí ìjókòó, ó ki jíà tó wúwo jù bọ̀ ọ́, ó sì fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà bí ẹni tó fẹ́ kọ gbogbo ebè inú oko kí oúnjẹ àárọ̀ tó dé. Ọ̀rẹ́ mi, afẹ́fẹ́ kì í dárí ji ẹlẹ́ṣin kẹ̀kẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí a fi ń la afẹ́fẹ́ máa ń di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìwọ̀nba àáyá tó jèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ gbówó lórí gan-an, àbọ̀ ló sì ti san gbèsè rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa ku kìlómítà mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí dáadáa mọ́, orí rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì.

Ohun tó mú kí n gbà pé ọmọ yìí yóò dára nìyí. Ẹni tó gba ipò kìíní yẹn gan-an ló tẹ̀ lé e níbi ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì rìn tó kìlómítà méjì lẹ́yìn tí wọ́n yí padà tí onítọ̀hún fi kọjá lára rẹ̀. Kò sí adájọ́ kankan nítòsí, èmi àti ọlọ́kadà nìkan ni. Ọmọ wa ì bá ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn onítọ̀hún kó fara pamọ́ fún atẹ́gùn, ara rẹ̀ sì nílò rẹ̀ nígbà náà. Kò ṣe é. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó jẹ́ kí onítọ̀hún jìnnà, ó tún tẹ orí ba, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Omi bọ́ lójú mi. N ò lè kọ́ ọmọ ní ìyẹn.

Ìtìjú pé wọ́n kọjá lára òun ni kò jẹ́ kó jẹun nígbà tí a dé ilé. Mo sọ ti Kigali ní Rwanda fún un, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Nínú time trial ibẹ̀, Remco Evenepoel, ará Belgium, lé Tadej Pogačar, ọ̀kan lára àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn jù lágbàáyé, bá, ó sì kọjá lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni Pogačar fi ṣáájú rẹ̀ gbéra. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ìlú kan náà, Pogačar gba ipò kìíní nínú eré ojú títì tí gbogbo wọn jọ ń sá. Ọmọ náà ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló bu oúnjẹ.

Nípa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, èyí tí èèyàn máa ń na apá lé síwájú kí afẹ́fẹ́ má bàa dá a dúró, jọ̀ọ́, dá owó rẹ dúró ná. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ni Greg LeMond lò ní 1989, tó fi àáyá 8 gba Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, mọ́ Laurent Fignon lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n LeMond ti gba Tour kan ní 1986 kó tó gbé nǹkan yẹn sórí kẹ̀kẹ́. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ọmọ wa ṣì wà nílẹ̀ jù, orúnkún rẹ̀ ń fẹ́ kan àyà. Ẹ̀wù tó wọ̀ fẹ̀, ó sì ń kún fún atẹ́gùn. A ó gbé ìjókòó sókè, télọ̀ yóò gba ẹ̀wù wọlé. Èyí tí owó lè ṣe báyìí ni táyà tuntun méjì àti akoto tó bá orí rẹ̀ mu.

A ó tún ọ̀nà yẹn gùn kí ọyẹ́ tó lọ. Mo ti sọ fún un pé kó fi jíà tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí kíákíá, kó má sì dìde lórí ìjókòó kó tó rin kìlómítà kìíní tán. Àáyá tó wà láàárín àlọ àti àbọ̀ ni n ó máa wò. Bó bá ti ń dín kù, a ti ń dé ibì kan nìyẹn, ì báà jẹ́ ìkẹsàn-án ló tún mú.

Bí o bá pè é lọ́jọ́ Sunday, má bi í ní ipò. Bi í bí àbọ̀ ṣe rí lára rẹ̀, kí o sì sọ fún un pé mo sọ ohun tó ṣe nígbà tí wọ́n kọjá lára rẹ̀ fún ọ. Màmá rẹ̀ kí ọ, ó ní ẹ̀gúsí tí o béèrè ti wà nílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ ni à ń wá.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Kàbà