Wọ́n ń pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ

Nottingham

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ńkọ́? Ṣé oòrùn Ìbàdàn ò mú jù? Mo mọ̀ọ́mọ̀ kí ọ kúnná ni, torí ìkíni gan-an ni wọ́n fi kọ́kọ́ mú mi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kíà, gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń bi mí pé, “You alright?” Mo rò pé ojú mi ló fi àárẹ̀ hàn. Mo bá dúró, mo ń ṣàlàyé orúnkún tó ń ro mí. Mi ò tíì débi tó ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹni tó bi mí fi wọ yàrá lọ. Àṣé “ẹ ǹ lẹ́” lásán ni. Ìwọ náà á ní “alright,” ẹsẹ̀ ò sì ní dúró.

Màmá kan tí mo ń gbé tíì fún láàárọ̀ wá ní, “Ey up, me duck.” Pẹ́pẹ́yẹ kẹ̀! Èmi abiyamọ! Ará Jàmáíkà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló là mí lóye pé ní Nottingham níbí, títí dé Derby àti Stoke, bí ìyá aláta ṣe ń pe oníbàárà ní “ọkọ mi” ni. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ń pe tọkùnrin tobìnrin bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, bí wọn ò bá pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ, ó ń ká mi lára.

Ṣùgbọ́n bàbá kan tó dàgbà sí ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ló fojú mi rí nǹkan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ “up the apples.” Mo sáré bó ápù, mo gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo, mo gbé e wá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Àtẹ̀gùn ló fẹ́ gùn lọ sùn! Wọ́n ń pe “stairs” ní “apples and pears” torí pé ohùn “pears” jọ ọ́; wọ́n á wá gé “pears” yẹn gan-an sọnù. Báwo ni àlejò ṣe fẹ́ mọ̀? Ó ti lé ní 150 ọdún tí àwọn ará adúgbò yẹn ti ń sọ ọ́. Ẹnà ni, Àdùkẹ́, irú èyí tí a máa ń sọ níwájú ìyá rẹ tí a bá fẹ́ yọ ẹran nínú ìkòkò.

Aládùúgbò mi náà pè mí wá mu “tea.” Mo jẹ ẹ̀bà yó kí n tó lọ. Mo débẹ̀, ọ̀dùnkún gígún, sọ́séèjì, ẹ̀wà: oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Èmi náà gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ fún wọn lọ́sẹ̀ kejì. Ọkọ rẹ̀ bù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó nu ẹnu, ó ní, “Not bad.” Inú ti ń bí mi kí ìyàwó rẹ̀ tó rọra sọ fún mi pé kò yin oúnjẹ òun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí àbúrò rẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, jọ̀ọ́, fi èlùbọ́ àti irú rán an sí mi. Kó má bínú o, bí dẹ́rẹ́bà bá pè é ní pẹ́pẹ́yẹ.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́