Ẹ yé fa ẹsẹ̀ tó bá rọ́, ẹ jọ̀ọ́

Sí olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ojú ìwé eré ìdárayá yín ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó gbá góòlù wọlé, ẹni tí wọ́n fún ní káàdì, gbogbo ẹ̀ lẹ ń kọ, ṣùgbọ́n tó bá kan ẹni tó fi ẹsẹ̀ rọ́, ẹ ó kàn ní "ó fara pa", ó parí síbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù lápá Mọ́níyà níbí n'Ìbàdàn, ọdún kọkànlá rèé, lójú tèmi ṣá o, ẹsẹ̀ tí ìtọ́jú bà jẹ́ pọ̀ ju èyí tí ìṣubú bà jẹ́ lọ.

Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, ibi kòtò ló bọ́ sí, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ yí sínú, ó lọgun. Kí n tó sáré dé láti ìkangun fíìdì kejì, àwọn àgbà méjì tó ń wòran ti jókòó tì í, ọ̀kan di itan mú, èkejì ń fa ẹsẹ̀, wọ́n ní ó ti yẹ̀, àwọn fẹ́ kó wọlé ni. Ẹnìkan tiẹ̀ ti ránṣẹ́ omi gbígbóná àti róòbù. Mo ní ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ fi í lẹ̀. Wọ́n ní ṣé èmi ni dókítà ni? Mi ò kí ń ṣe dókítà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń bá wa lọ síbi ìdíje nígbà kan, ohun tó kọ́ mi ò tíì kúrò lórí mi.

Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá yí sínú báyẹn, iṣan tó so eegun mọ́ eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta kókósẹ̀ ló sábà máa ń ya, díẹ̀ tàbí púpọ̀. Ẹni tó bá wá ń fà á, ó ń bá a ya á sí i ni. Omi gbígbóná ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ń jò nínú ibẹ̀, ooru á tún jẹ́ kó máa ṣàn sí i, ẹsẹ̀ á wú bíi búrẹ́dì. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan tútù ló ń fẹ́. Piọ wọ́tà tó ti dì gbagidi, ẹ fi aṣọ wé e torí yìnyín náà ń jó ara, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ gbé e kúrò, tó bá tó wákàtí méjì ẹ tún gbé e padà. Ẹ fi báńdéèjì tó ń nà wé e, kó dùbúlẹ̀ kó gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ, ẹ fún un ní parasẹtamọ́ọ̀. Àwọn ìyá wa kan ò ní gbà pé ìtọ́jú nìyẹn o, torí ọmọ ò ké.

Báwo la ṣe máa mọ̀ tó bá ti fọ́? Àwọn dókítà ìlú Ottawa ní Kánádà ti bá wa ṣe iṣẹ́ yẹn láti 1992, kò sì le. Ṣé ẹni náà lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kódà kó máa tiro, lójú ẹsẹ̀ tó ṣubú àti nígbà tó dé ọsibítù? Tí kò bá lè ṣe é, X-ray. Tẹ ẹ̀yìn eegun méjèèjì tó yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 6, tó bá dùn ún níbẹ̀, X-ray. Bákan náà ni eegun tó yọ létí ìta àárín ẹsẹ̀, níbi tí eegun ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù ti bẹ̀rẹ̀, àti òdìkejì ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ti ọmọdé tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìpẹ̀kun eegun wọn ṣì ń dàgbà, ibẹ̀ sì lè fọ́ kí iṣan tó ya. Ọmọ tiwa yẹn, ìṣísẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ti jókòó. X-ray fi hàn pé ìpẹ̀kun eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ìta ti sán, eegun tó sán làwọn ẹ̀gbọ́n mi ń fà.

Èyí tó ń tan àwọn àgbàlagbà jẹ ni ti iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Wọ́n á máa sáré, wọ́n á gbọ́ "pàá", wọ́n á bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó gbá wọn nípàá, kò sẹ́nìkan. David Beckham, agbábọ́ọ̀lù England, nìyẹn ní March 2010, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù South Africa sì kọjá lórí ẹ̀. Ẹ ní kó dojú bolẹ̀ kí ẹsẹ̀ yọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun pọ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ò bá mira, iṣan yẹn ti já, kó máa lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Mi ò bú àwọn teguntegun o. Bàbá kan ló to apá màmá mi, apá yẹn ṣì ń gún iyán, kì í sì í ṣe gbogbo wa la máa rówó dé Ìgbòbí, ọsibítù eegun l'Ékòó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni oparun tí wọ́n ń dì pinpin mọ́ ojúgun tó ń wú lọ́wọ́. Wíwú ò ráyè, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá, láàárín bíi wákàtí mẹ́fà ẹran inú ẹsẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tí ìrora bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n dì í, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tutù, tó kú tipiri, tó ń dúdú, ẹ má dúró de bàbá, ẹ tú u, kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn torí pé wọ́n ní kó fara dà á. Ti ọ̀kadà tí eegun yọ síta ńkọ́, ẹ má tì í padà, ẹ má da ọ́yìlì sí i, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kẹ́ ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹ bá wa tẹ ti ìṣísẹ̀ mẹ́rin yẹn sójú ìwé bọ́ọ̀lù, kó má kéré.

Wọ́n ti tú pìópì tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó wá sí fíìdì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ti ṣe tán. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró kó kà dé ọgbọ̀n. Ó kà dé mọ́kànlá, ó fi èkejì tẹlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, mo ní kó lọ jókòó.

Èmi ni,
Kóòṣì kan ní Mọ́níyà, Ìbàdàn